Ta Ló Ń Lo Gbogbo Omi Yìí?

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ẹ, mo kí iṣẹ́ rẹ, mo kí ọ̀gá rẹ, mo sì kí onílé rẹ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o ní kò rẹ́rìn-ín rí. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ò ń rí oorun sùn dáadáa? Ṣé oúnjẹ ń lọ lẹ́nu? Ọlọ́run tó mú ẹ kúrò nílé tó sì mú ẹ dé ìlú ńlá kò ní já ọwọ́ rẹ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Bí o bá ṣe ń jáde ni wàá máa wọlé, àwọn tó ń bá ẹ ṣiṣẹ́ kò ní yí ojú padà sí ẹ. Àmín. Ìyá rẹ tó jókòó sídìí maṣíìnì ìránṣọ níbí ti ṣe àmín, ó sì ní kí n tún àdúrà náà gbà látòkè, torí maṣíìnì ń pariwo nígbà tí mo kọ́kọ́ gbà á, òun ò sì fẹ́ ṣe àmín sí ohun tí òun ò gbọ́. Mo ti tún un gbà. Nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì ni tìrẹ lónìí.

Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, mo fẹ́ kí o mọ̀ pé gbogbo wa la wà láàyè. Tún un kà. Gbogbo wa. Èmi, ìyá rẹ, àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Àǹtí Ńlá. Mo gbọ́ pé ìyàwó mẹkáníìkì tó wà ní òpin àdúgbò ti pè ẹ́ lórí fóònù, ó ní ilé wa ti wó. Ilé wa kò wó. Ògiri kan ló wó. Obìnrin yẹn, bí àwo bá fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á ní ogun ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà fọkàn balẹ̀, wá ibi tó dára jókòó sí, kí n sọ ọ́ fún ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ìwọ gan-an ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ṣé o rántí pé nígbà tí o wálé kẹ́yìn, o ní àwa àgbà kò mọ omi lò, a ò mọ iná lò, pé a kàn ń tú u dànù bí ẹni pé kò lè tán láé. O ní kí a jókòó kí a ro ohun tí à ń lò. O wá ní kí àwọn òṣìṣẹ́ wá ri mítà méjì fún wa, ti iná sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ti omi sínú ihò kékeré tó ní ìdérí irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. O wọkọ̀, o lọ. Àwa náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó gẹ́gẹ́ bí o ṣe wí, torí èmi kì í fi ọ̀rọ̀ ọmọ mi ṣeré.

Mítà iná ni mo kọ́kọ́ bá jà. Ó ní ojú pupa kékeré kan tó máa ń ṣẹ́. Mo wá kíyè sí i pé bí ìyá rẹ bá ti jókòó sídìí maṣíìnì, ojú náà á máa ṣẹ́ kíákíá, kíákíá, ṣùgbọ́n bí ó bá ku èmi nìkan, á rọra máa ṣẹ́ bí ẹni tí oorun ń kùn. Mo wò ó lọ́jọ́ kan, mo wò ó lọ́jọ́ kejì. Ọkùnrin ni mí, mi ò lè pa irú ẹ̀ mọ́ra. Mo fi aṣọ ìnura bò ó lójú. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀, ó ní iná tí òun ń lò ni mítà ń kà, pé bí maṣíìnì bá ń sáré, kíkà náà á máa sáré. Mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n mo fi aṣọ náà sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ná.

Lẹ́yìn náà ni o pè, tí o ní kílówáàtì ló ń jẹ owó wa. Mi ò mọ ọkùnrin náà. Mo bi ìyá rẹ, òun náà ò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ẹni tó ń ka mítà dé, mo fi ọ̀wọ̀ fún un ní àga, mo bi í bóyá òun àti Ọ̀gbẹ́ni Kílówáàtì jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan náà, kó jọ̀ọ́ bá mi sọ fún un pé àgbà káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, kó máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin náà wò mí, ó wolẹ̀, ó ní òun á jíṣẹ́. Ọmọlúàbí ni.

Mo gbé fóònù mi náà yẹ̀ wò. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta ìṣó nígbà tó ti kú fínfín, a gbé e sórí ìwọ̀n. Mo mú un wálé, mo fi sí iná títí ó fi kún, mo tún gbé e padà lọ. Ìwọ̀n ò yí rárá. Èyí fi hàn mí pé iná tó ń wọ inú fóònù ò tó nǹkan, kì í ṣe òun ni ọ̀daràn wa. Ẹni tó ń ta ìṣó ní òun náà á lọ wọn ti ìyàwó òun.

Ọ̀daràn tí mo rí, ọmọ mi, inú ilé ìdáná ló wà, ó sì tì mí lójú láti sọ ọ́. O mọ fíríìjì tí o rà fún wa. Látàárọ̀ dalẹ́ ló ń kùn. Mo ṣí i, mo wo ohun tó ń tìtorí rẹ̀ ṣe gbogbo wàhálà yẹn. Ike omi kan ló wà níbẹ̀, àlùbọ́sà kan, àti fìlà mi tí mo ti ń wá. Ike omi náà, ìyá rẹ ló máa ń gbé e síbẹ̀ kó lè tutù. Àǹtí Ńlá á wá lọ gbé e jáde, wọ́n á ní ó ti tutù jù fún eyín àwọn, wọ́n á dà á sínú kẹ́tùlù iná, wọ́n á gbé e kaná. Bí kẹ́tùlù bá hó tán, wọ́n á ní ó ti gbóná jù, wọ́n á gbé e síwájú fáànù kó lè lọ́wọ́ọ́wọ́. Ife omi kan ṣoṣo! Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo wo omi náà bó ṣe ń rìnrìn àjò, mo sì mọ̀ pé òótọ́ lo sọ. A ti wá ń gbé e mu láti inú ìkòkò báyìí, kò sí ẹni tí eyín ń dùn.

Ti iná nìyẹn, ó rọrùn. Ti omi ló fẹ́ tú ilé ká.

Kò tíì pẹ́ rárá tí wọ́n ri mítà omi náà tí ẹni tó ń kà á fi bi mí bóyá a ti ṣí ilé ìtura sẹ́yìnkùlé. Mo ní rárá. Ó bi mí bóyá à ń fọ mọ́tò fún aráàlú. Mo ní kẹ̀kẹ́ mi pàápàá, òjò ló ń fọ̀ ọ́. Ó mi orí, ó ní nínú gbogbo àdúgbò, ilé wa ló ń lo omi jù. Àwọn ará ilé kejì wà lẹ́nu géètì wọn, wọ́n gbọ́. Mi ò lè gbé ojú sókè. Èmi tí mò ń wọ ìbọ̀sẹ̀ kan náà fún ọ̀sẹ̀ méjì kí a má baà fọṣọ jù!

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di ọlọ́pàá omi. Mo fi èédú fa ìlà sí inú gbogbo garawa, mo ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe pọn kọjá ìlà. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì, mo ní kí a fi fọ àwo, èyí tí a fi fọ àwo, kí a fi bomi rin ata. Ata náà ń yọ ìfòfó ọṣẹ. Síbẹ̀, bí mo bá ṣí ìdérí irin yẹn, àgbá kékeré inú mítà á máa yí bí olókìtì. Mo wá jókòó, mo rò ó, mo wò ó pé èmi kì í lò ó, ìyá rẹ, aṣọ ló ń rán. Ta ló wá kù?

Ìwọ náà mọ Àǹtí Ńlá. Ilé ìfọṣọ ọsípítù ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, aṣọ ìtẹ́lé bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń fọ̀ ní gbogbo ayé wọn, ọwọ́ wọn ò sì lè dúró. Wọ́n ń fọ kọ́tìnì tí kò dọ̀tí. Wọ́n ń fọ okùn tí wọ́n ń sáṣọ sí. Mo ti fojú mi rí i tí wọ́n ń fọ ọṣẹ. Láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú tí wọ́n sì ti wá ń gbé pẹ̀lú wa ní yàrá ẹ̀yìn, èyí tí bàbá wa fi amọ̀ kọ́, kò sí ọjọ́ tí n kì í gbọ́ shàà, shàà ní balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Mo ní mo ti mú wọn.

Mi ò bá wọn sọ ọ́ o. Ì bá sàn kí n sọ ọ́. Páláyà tí mo fi ń fa ìṣó ni mo mú, mo lọ sí balùwẹ̀, mo tú orí ẹ̀rọ omi tí wọ́n fi ń ṣí i kúrò, mo fi sápò. Nígbà tí wọ́n dé pẹ̀lú aṣọ ìnura léjìká, wọ́n bi mí pé orí ẹ̀rọ dà. Mo ní ó wà lápò mi. Wọ́n ní kí ló ń ṣe lápò mi. Mo ní ó ń sinmi. Ìyá rẹ pariwo láti inú ilé pé kí n fún wọn, mo ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Àǹtí Ńlá wò mí títí. Wọn ò bínú, ohùn wọn ò lọ sókè. Wọ́n ní àwọn pọ̀n mí nígbà tí mi ò tíì lè rìn, wọ́n ní gbogbo ohun tí mo ṣe sí àwọn lẹ́yìn, àwọn ló fọ̀ ọ́, àwọn ò sì ka garawa. Wọ́n yí padà, wọ́n wọlé.

Nígbà tí mo máa rí wọn, wọ́n ti di ẹrù. Wọ́n gbé abọ́ ìfọṣọ lérí, wọ́n fi agbòòrùn kọ́ apá, wọ́n gba ọ̀nà ilé ọ̀rẹ́ wọn lọ, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé lókè lọ́hùn-ún lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé. Wọn ò wẹ̀yìn. Gbogbo àdúgbò ló ń kí wọn pé ṣé ìrìn àjò ni, wọ́n ń dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ń lọ síbi tí omi wà.

Ìyá rẹ ò bá mi jà. Mo fẹ́ kó bá mi jà, kò bá mi jà. Ó kàn ń rán aṣọ, ó ń tẹ maṣíìnì yẹn bí ẹni tó ń tẹ èèyàn mọ́lẹ̀. Ó ń gbé tíì fún mi láìsí ṣúgà, bí mo bá bèèrè ṣúgà, á ní kí n wo àpò mi.

Èmi ní tèmi sọ lọ́kàn ara mi pé kò burú, ó kéré tán omi á dúró. Mo lọ sẹ́nu géètì, mo ṣí ìdérí irin náà kí n lè wo àgbá kékeré yẹn bó ṣe máa sinmi. Ọmọ mi, ó ń yí. Àǹtí Ńlá ti lọ, ẹ̀rọ ilé ìdáná wà ní títì, ẹ̀rọ balùwẹ̀ ò ní orí, ó ṣì ń yí. Mo gbé àpótí ìjókòó mi wá, mo jókòó tì í, mo ń wò ó. Mo bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, mo bá a sọ̀rọ̀ líle. Ẹni tó ń kọjá ń kí mi, mò ń dáhùn láìgbójú sókè. Mo wá gbà pé mítà náà fúnra rẹ̀ ló ń mu omi wa.

Nọ́ńbà kan wà lára ìdérí náà, mo pè é. Ohùn obìnrin kan ló dáhùn. Mo kí i, mo kí àwọn òbí rẹ̀, kò dá mi lóhùn, ó ní kí n tẹ ení. Mo ní mo ti tẹ́ ẹ, orí rẹ̀ ni ìyá rẹ ń sùn lọ́sàn-án. Ó tún ní kí n tẹ ení. Mo bi í pé ṣé àlejò ń bọ̀ ni. Ó ní ọ̀rọ̀ mi ṣe pàtàkì sí àwọn, inú mi dùn, mo ní tirẹ̀ náà ṣe pàtàkì sí wa. Ó wá gbé orin sí i fún mi, mo gbọ́ orin náà títí owó inú fóònù fi tán, kò padà wá. Ó jọ pé iṣẹ́ ilé ló pè é. Mo rò pé ọmọ dáadáa ni, àmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ fetí sílẹ̀.

Ibi tí mo ti ń sọ èyí fún ìyá rẹ ni ó ti la ẹnu fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní òun lọ gbálẹ̀ ní yàrá Àǹtí Ńlá, òun sì rí i pé ìsàlẹ̀ ògiri ẹ̀yìn ti tutù, ó wú bí búrẹ́dì tí a rẹ sínú tíì, òun fi ìka kàn án, ìka òun wọlé. Ó ní kí n wá wò ó. Mo ní kò sí ohun tí mo fẹ́ wò, pé omi tí Àǹtí Ńlá ń dà sílẹ̀ látọjọ́ yìí ló fà á, á gbẹ. Mo mú ayùn mi, mo lọ sí abẹ́ àtíbàbà níwájú ilé níbi tí mo ti ń tún àga kan ṣe. Ohun tí mo sọ nìyẹn, bí mo ṣe sọ ọ́ náà nìyẹn. Mi ò lè yí i padà.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì rẹ̀ ni mo gbọ́ gbììì, bí ìgbà tí tírélà bá da yanrìn sílẹ̀. Àga tí mò ń tún ṣe mì lábẹ́ ọwọ́ mi. Nígbà tí mo fi máa sáré dé ẹ̀yìnkùlé, eruku ti bo gbogbo ibẹ̀, ògiri ẹ̀yìn yàrá náà ti ṣubú sínú, páànù orí ilé ti dà lé e, bẹ́ẹ̀dì Àǹtí Ńlá wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀. Mo dúró, mo mí kanlẹ̀. Mo ní Ọlọ́run ṣeun, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ẹni tó ń ran bàtà lẹ́bàá géètì ẹ̀yìn ti sáré wọlé. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́. Mo ní wọ́n wà ní ilé agbẹ̀bí. Ó ní rárá o, òun rí wọn tí wọ́n gba géètì ẹ̀yìn wọlé kò tíì pẹ́, pé wọ́n gbé agbòòrùn lọ́wọ́.

Ọmọ mi, mi ò mọ bí mo ṣe dé orí òkìtì náà. Ọwọ́ lásán ni mo fi ń hú u. Ìyá rẹ gbá páànù mú, obìnrin tó máa ń ní ẹ̀yìn ń dun òun, ó fà á kúrò lóun nìkan. Àwọn ará àdúgbò ń ya wọlé, ọ̀kan gbé ṣọ́bìrì, ọ̀kan ń sunkún. Mo fa amọ̀ sọ́tùn-ún, mo fà á sósì, ọwọ́ mi wá ba ohun kan tó le. Mo fà á jáde. Agbòòrùn wọn ni. Ó ti tẹ̀ sí méjì. Aṣọ wọn kan, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, wà lábẹ́ rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ké pè wọ́n, kì í sì í ṣe Àǹtí Ńlá ni mò ń pè. Orúkọ tí a fi ń pè wọ́n nígbà tí a wà lọ́mọdé ló bọ́ sí mi lẹ́nu. Ẹ̀lírí ni wọ́n ń jẹ́ nígbà yẹn, torí wọ́n kéré, wọ́n sì yára bí eku ilé. Ìwọ náà mọ̀ pé wọn ò kéré mọ́. Mò ń ké Ẹ̀lírí o, Ẹ̀lírí o, dá mi lóhùn, gbogbo orí ẹ̀rọ tó wà láyé, tìẹ ni. Èmi tí mi ò pè wọ́n ní ìwọ rí láti ìgbà tí mo ti lóye.

Bí mo ṣe ń ké ni ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ṣí gbàgà lẹ́yìn wa. Àǹtí Ńlá ló jáde. Wọ́n ró ìró mọ́yà, ìfòfó ọṣẹ kún orí wọn, ó kún etí, ojú kan ló ṣí, páláyà mi wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n pariwo pé ta ni aláìlójútì tó ń pe àwọn ní Ẹ̀lírí láàárín ìgboro, pé èmi sì ni mo ti omi pa mọ́ àwọn lórí, àwọn mọ̀ pé èmi ni, kí n jáde síta kí a jọ yanjú ẹ̀.

Ẹni tó ń ran bàtà jókòó sílẹ̀ sínú amọ̀. Àǹtí Ńlá wá fi ọwọ́ nu ojú kejì, wọ́n rí àwa, wọ́n rí yàrá àwọn. Wọ́n ní háà.

Àṣé omi ò yọ nílé agbẹ̀bí láti àná. Ara ń yún wọn, wọn ò lè fara dà á. Wọ́n mọ̀ pé bí mo bá ti wà lábẹ́ àtíbàbà, mi ò ní gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n yọ́ wọlé, wọ́n tẹ́ aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé agbòòrùn tì í, wọ́n mú páláyà mi nínú àpótí iṣẹ́, òun ni wọ́n fi yí ẹ̀rọ tí ò lórí. Etí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́, ọṣẹ tún dí i, nígbà tí ògiri wó, wọ́n rò pé ilé mẹkáníìkì ni wọ́n ti ń já ẹ́ńjìnnì. Omi tó dá lójijì ló mú wọn jáde, torí ògiri ló já páìpù. Ká ní garawa tí mo fa ìlà sí ni wọ́n fi wẹ̀, wọn ì bá ti wẹ̀ tán, wọn ì bá ti wọ yàrá, wọn ì bá ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn tí wọ́n ń para. Mo rò ó, mo tún un rò.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo fi ojú kan ilẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde, amọ̀ ti ba ẹ̀wù mi jẹ́, àwọn náà ni wọ́n máa fọ̀ ọ́. Nígbà yẹn ni mo bú sẹ́kún, mo sì ń rẹ́rìn-ín, mi ò mọ èwo ni mò ń ṣe. Ìyá rẹ ti dì mọ́ wọn, ọṣẹ ti ra òun náà. Àwọn ará àdúgbò ń pọnmi wá láti ilé wọn ká lè fi ṣan orí wọn. Àwọn ará ilé kejì tó gbọ́ pé àwa là ń lo omi jù, àwọn ló pọnmi tó pọ̀ jù.

A pe pọ́lọ́ńbà tó ń ṣe páìpù. Ó gbẹ́ ìsàlẹ̀ ògiri náà, ó rí páìpù irin àtijọ́ tí bàbá wa rì síbẹ̀, ó ti dípẹtà, ihò ara rẹ̀ tó ẹnu èèyàn tó ń súfèé. Ibẹ̀ ni omi ti ń jáde lọ́sàn-án lóru, tó ń mu ẹsẹ̀ ògiri. Ó ri páìpù rọ́bà tuntun. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wa lọ sẹ́nu géètì, a ṣí ìdérí irin, a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àgbá kékeré náà dúró. Ó dúró pátápátá. Àǹtí Ńlá ní ó jọ pé ó sùn. Ara mi balẹ̀ débi pé mo jẹun ọ̀sán lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà. Mo sì ti ṣí aṣọ kúrò lójú mítà iná, mo ní kó máa wo ẹni tó bá wù ú.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé nígbà tí ihò yẹn dí, a wá lè rí ohun tí àwa fúnra wa ń lò. Ìyá rẹ ní ká wò ó, ká mọ òótọ́. Àǹtí Ńlá, gbogbo shàà, shàà yẹn, omi ìfọṣọ kan náà ni wọ́n máa ń dà láti abọ́ dé abọ́, èyí tí wọ́n fi ṣan funfun ni wọ́n fi ń fọ aláwọ̀, èyí tó bá kù ni wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ balùwẹ̀. Ọsípítù ti kọ́ wọn. Ìyá rẹ ò lò ó. Èmi ni. Wọ́n ní bí mo bá ń fọ eyín, mo máa ń ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀, mo sì máa ń bọ́ síta pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu láti wá sọ ìròyìn fún ìyá rẹ, bí ìròyìn náà bá gùn, omi náà á gùn. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti wá ń ti ẹ̀rọ kí n tó sọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì ní kí n kúkú ti ẹnu mi náà, mo kàn ń fọ eyín mi lọ.

Yàrá tìrẹ ni Àǹtí Ńlá ń sùn báyìí. Wọ́n ti fọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ fún ẹ pé àwọn wà láàyè, kí n kọ ọ́ kó tóbi, kí o lè kà á sókè fún ìyàwó mẹkáníìkì lórí fóònù. WỌ́N WÀ LÁÀYÈ.

Ọmọ mi, mi ò fẹ́ da ẹrù lé ẹ, ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì ti wọ́n, búlọ́ọ̀kù náà ò sì rọ̀. Bí ọwọ́ rẹ bá ràn án, jọ̀ọ́ fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ kí a lè fi gbé ògiri náà dúró, kí a sì ra bẹ́ẹ̀dì àti agbòòrùn fún wọn. Má ṣe fi gbogbo rẹ̀ sínú fóònù lẹ́ẹ̀kan náà, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí yìí ò lágbára, ó lè sú u láti gbé e. Máa fi í ránṣẹ́ ní díẹ̀díẹ̀. Mo sì fẹ́ kí o sọ fún àwọn ará báǹkì pé ìgbà tó kọjá, owó tí wọ́n kà fún mi kì í ṣe èyí tí o fi ránṣẹ́ gan-an, ó ti gbó, mo sì mọ̀ pé ìwọ kì í fi owó gbígbó ránṣẹ́ sílé. Bí o bá sì rí àyè, wá wò wá. A ó pọn omi ìwẹ̀ dè ẹ́, a ò ní fa ìlà sí i.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ. Ọwọ́ rẹ ò ní ṣófo, ẹsẹ̀ rẹ ò ní gbé ẹ lọ síbi tí orúkọ rẹ á ti bàjẹ́. Àwọn tó bá ṣẹ̀ ẹ́ á padà wá bẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹ̀bẹ̀ ṣì lè wúlò. Ibi tí ohun kan bá sì fẹ́ wó sí láyé yìí, kí ó wó o, ṣùgbọ́n kí ìwọ wà níbòmíràn, kí o máa wẹ̀ lọ́wọ́, kí o máa bú èèyàn.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.